Òkò Tí Mo Sọ ní Hoorn

Èmi ni mo sọ òkò náà.
Láti kékeré ni mo ti ń fi okùn ọkọ̀ ojú omi jẹun ní Hoorn,
ọwọ́ mi kì í tàsé:
gíláàsì fèrèsé Wessel Abbink fọ́ túútúú
lálẹ́ ọjọ́ tí oníwàásù wa ní ọkùnrin yẹn
ń fi ìṣirò tọpinpin Ọlọ́run.

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà.
Abbink ni, kóòtù rẹ̀ ti já ní ìgbọ̀nwọ́,
òkúta mi wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹyin adìẹ.
"Aládùúgbò, bí mo bá sọ ọ́ padà,
ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin;
kí yìnyín tó yọ́ lójú odò,
kò ní sí fèrèsé mọ́ ládùúgbò yìí.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìṣirò náà.
Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ̀ ń ta okùn?"

Mo ní kó kúrò níwájú mi.
Ó ra okùn. Kò tilẹ̀ ná an.

Ẹ má pè é ní nǹkan kékeré,
kí ẹ kórìíra ẹni,
kí onítọ̀hún máa béèrè àlàáfíà ọmọ yín.
Mo ń fẹ́ iná tí kò sígi nídìí rẹ̀,
mo ń fẹ́ ẹ, mo ń fẹ́ ẹ,
eérú ń ta sí mi lójú.
Neeltje mi sì ń yọ́ lọ kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ rẹ̀.
Mo mọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Níjọ́ kan mo bi í tìbínú-tìbínú:
"Ṣé ẹni mímọ́ lẹ̀ ń ṣe ni?"
Ẹ̀rín pa á, ó wúkọ́.
"Rárá o. Inú bí mi lóru ọjọ́ náà, òtútù wọ̀ mí léegun.
Mo wá jókòó, mo ń bi ara mi:
ta ló bí òkò? Ìbínú.
Ta ló bí ìbínú? Ìbẹ̀rù.
Ta ló bí ìbẹ̀rù? Àìmọ̀.
Èmi náà ò mọ̀ yín. Ìyẹn ni mo ṣe wá kanlẹ̀kùn."
Ìfẹ́, ó ní, kì í ṣe àánú:
ayọ̀ tó mọ orúkọ ẹni tó mú un wá ni.

Lọ́dún kẹta, ikọ́ yẹn mú un lọ.
Okùn tó rà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà
ni wọ́n fi sọ pósí rẹ̀ kalẹ̀.
Kò tíì lò ó rí.

Oníwàásù ṣì ń pariwo.
Òkúta náà wà lẹ́nu ọ̀nà mi,
òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn
kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé.