Lẹ́tà Méje

Ẹ̀gbọ́n mi Nibaldo kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ló ń tún ṣe létí òkun Lota,
ọwọ́ rẹ̀ kì í yé rùn gírísì.
Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú,
tí òjò ilẹ̀ Chile bá ń lu páànù wa
bí ẹni tó wá sin gbèsè,
yóò jókòó ti ẹ̀rọ àlòkù kan,
yóò tú ikùn géèmù àtijọ́ yẹn palẹ̀,
èyí tí a fi ń mú ẹran abàmì nígbà èwe wa,
tí à ń tọ́ wọn, tí à ń kó wọn jà
lójú gíláàsì tí kò ju páálí ìṣáná lọ.

Ìlú onílùú ló kún inú rẹ̀:
koríko tútù, odò tó mọ́, òrùlé pupa.
Nibaldo fa koríko tu. Ó da èédú sílẹ̀.
Ó fi àmì tóó-tòò-tóó, dúdú, eérú, funfun,
mọ òkè wa,
mọ ilé onípákó tí ìdílé méjì ń pín,
mọ ààrò búrẹ́dì tí gbogbo àdúgbò jọ ń dá iná sí,
mọ ẹnu kòtò tó gba abẹ́ òkun lọ,
kòtò tí wọ́n tì pa nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.
Ó dá ẹran tuntun:
èkúté tó so fìtílà mọ́ iwájú orí,
ẹyẹ òkun tó ń jẹ èérún èédú,
akàn tó gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù sẹ́yìn.
Ó ní, "Ó ku ẹnì kan."

Bàbá wa ni. Hermógenes.
Géèmù náà kì í gbà ju lẹ́tà méje lọ fún orúkọ;
ẹni tó ṣe é kò mọ̀
pé ẹnìkan á fẹ́ gbé òkú rẹ̀ wọ ibẹ̀.
Ó tẹ̀ ẹ́ wò: HERMÓGE.
Lẹ́tà mẹ́ta tó kù dúró síta nínú òjò.
Mo ní ó dà bí orúkọ oògùn ikọ́.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa,
omi náà kò sì tètè mọ̀ pé ẹ̀rín ti tán,
nítorí ikọ́ ló pa á.

Ó fi PAPÁ síbẹ̀.
Ó gbé e dúró sẹ́nu kòtò, tòun ti fìlà,
ó fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo:
"Ṣé o ti jẹun?"
Tẹ bọ́tìnì nígbà ogún,
ìgbà ogún ni yóò bi ọ́.

Ọmọ mi Anaís ló kọ́kọ́ rí àṣìṣe náà.
"Ẹ̀gbọ́n Màmá! Bàbá àgbà ń gba inú ògiri kọjá!"
Lóòótọ́ ni. Bí o bá ti ṣẹ́gun èkúté onífìtílà,
tí o jáde sí gbangba,
bàbá yóò yí padà, yóò wọ inú ògiri lọ wẹ́rẹ́,
yóò gba orí ààrò, yóò gba orí ilé,
yóò tẹ omi òkun mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò máa lọ.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni Nibaldo fi wá a.
Nọ́ńbà kan ló ṣì tẹ̀.
Ó gbé ìka lé e.
Ó gbé ìka kúrò.
Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń wọ
ibi tí wọ́n bá ní kó wọ̀.
Ẹ jẹ́ ó gba ibi tó wù ú."

Lánàá mo gba géèmù náà lọ́wọ́ Anaís.
Mo tẹ̀ lé e dé etí omi; ẹsẹ̀ tèmi kò gba òkun.
Bátìrì ń kú lọ, ojú gíláàsì ń ṣú.
Mo kọjú sí i, mo tẹ bọ́tìnì.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun.
Irọ́ ni.
Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná.