Yàrá Kẹrìnlá

Èmi ni mo ń gbá yàrá òkè ní òtẹ́ẹ̀lì Graciete,
ní Kóímbrà, níbi tí òpópónà ti ń gun òkè bí àkàbà.
Ohun tí àlejò bá jẹ, mo mọ̀.
Ohun tó bá fi pamọ́, mo mọ̀ ọ́n ju èyí tó jẹ lọ.
Kò sẹ́ni tó ń purọ́ fún agbọ̀n ìdọ̀tí.

Ọ̀gbẹ́ni Belmiro dé lọ́jọ́ Ajé, òjò ń pa á bọ̀,
àpótí lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wúwo, ó ń dún wóró-wóró:
irinṣẹ́ ni. Ó ní òun wá tún aago ilé ìjọ ṣe,
aago tó ti dákẹ́ láti ọdún mọ́kànlá.
Àpò kékeré kan lọ́wọ́ òsì. Ìyẹn ò dún rárá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo rí èèpo ẹyin
tó fi ìwé ìròyìn wé, tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ
bí ẹni ká lẹ́tà ìfẹ́.
Lọ́jọ́rú, èèpo ọ̀dùnkún, ó tín-ín-rín
débi pé o lè kàwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.
Ẹni tó bá bẹ ọ̀dùnkún báyìí
ti rí ọdún tí kò sí ọ̀dùnkún.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbé áyọ́ọ̀nù,
áyọ́ọ̀nù ń rùn wàràkàṣì.
Mo ṣí ìdérí kẹ́tùlù:
ewé kábéèjì kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí ibùsùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́.

Lára ògiri, lókè orí mi, ìkìlọ̀ Graciete wà lédè mẹ́rin:
Ẹ má dáná nínú yàrá.
Graciete ò níwà burúkú, gbèsè ló ní.
Ó ń ta pánla àti ọ̀dùnkún nísàlẹ̀,
yúrò mẹ́sàn-án, àwo kan.
Mo fi ìka ṣírò rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún.
Ìka mi tán.

N ò sọ. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran;
mo fi tèmi ríran fún un,
mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kẹ́tùlù, mo ṣí fèrèsé díẹ̀.
Ó mọ̀ pé mo mọ̀. À ń kíra wa lórí àtẹ̀gùn:
“Ẹ káàárọ̀, màmá.” “Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá aláago.”
Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwa méjèèjì kún.

Àfi alẹ́ Ẹtì kan tí agogo èéfín figbe ta.
Gbogbo ilé tú síta sínú òjò:
tọkọtaya ará Jámánì nínú aṣọ ìnura kan ṣoṣo,
akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé bàtà lérí,
Belmiro níkẹyìn, ó fa nǹkan mọ́ àyà lábẹ́ kóòtù,
ooru ń rú lọ́rùn rẹ̀ bí òrùlé ilé tí wọ́n ń dáná.
“Ta ni? Mo ní ta ni?”
Graciete ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ahọ́n mi ṣáájú mi: “Èmi ni.
Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ.”
Ó yọ owó ọjọ́ kan nínú owó oṣù mi.

Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀.
Bàbá mi fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ẹrù kiri Faransé,
sítóòfù kékeré kan lábẹ́ àga rẹ̀.
Kò sọ ohun tó ń jẹ fún wa rí.

Lọ́jọ́ tí Belmiro lọ, kò fi owó sílẹ̀.
Ẹyin kan ni mo bá nínú ife,
ó fi aṣọ ìnura wé e, ó ṣì gbóná,
àti bébà: “Ìṣẹ́jú méje. Iyọ̀ wà lẹ́yìn fìtílà.”
Mo jẹ ẹ́ lóòró, lójú fèrèsé.

Aago mẹ́jọ ni. Aago ìjọ lù,
ó lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ gbójú sókè,
ó wo aago, ó wo búrẹ́dì,
ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ.