Fóòmù Méjì ní Kétu

Moríìsì ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò.
Ti ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún sefà gba àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó dá a padà kíá, bí ẹni tí ò fẹ́ jẹ gbèsè.
Ti ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ń rò ó.
Ìka mi márààrún ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo fi ka owó tán.

"Ìyá, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ má tijú."
Mo bọ́ bàtà, mo nà gbalaja
nítòsí Àkàbà Ìdèna, lọ́sàn-án gangan.
Onísẹ́mìjàn kan fọn fèrè:
"Ó dàárọ̀ o!"

Abíọ́nà wúwo. Ibi tó bá sùn sí ni ibùsùn ń tẹ̀ sí;
ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lóru,
bá à jà, bá ò jà.
"Èyí tó le yìí ò ní jẹ́ kí ẹ bọ́ sí kòtò."
Moríìsì ò mọ̀ pé inú kòtò náà
la ti parí ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn ò mọ ìtàn.
Mo tú etí aṣọ: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún.
Méjì tó kù, ó di ọjọ́ ọjà.
Moríìsì wo òrùlé títí, ó gbà.

Afẹ́fẹ́ ń bá mi du fóòmù lórí sẹ́mì títí dé ilé.
Abíọ́nà jókòó lé e, ó dìde,
ó bojú wẹ̀yìn.
"Ṣé èmi ni mo jókòó síbí?"