Ìsàlẹ̀ Àpò

Bàbá mi kò fi ẹnu kọ́ mi ní nǹkan kan.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí òjò inú ọyẹ́.
Bí àkùkọ bá kọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ bàtà rọ́bà;
bí ó bá kọ lẹ́ẹ̀kejì, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń ké fíì-fíì
lójú ọ̀nà Ìgbátòrò,
àdá lẹ́yìn, èmi níwájú lórí irin,
iṣu sísun àná nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Lóko, kì í sọ pé, "Múra síṣẹ́."
Á fọ́ kòkó kan, á fi omi funfun rẹ̀ sí mi lẹ́nu,
á ní, "Dídùn rẹ̀ nìyẹn. Kíkorò rẹ̀ ni à ń tà."
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.
Mo rò pé kòkó ló ń sọ.

Lọ́dún tí òjò kò dáwọ́ dúró,
èso ń dúdú lórí igi, ó ń rà.
A ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ọ̀run lóru,
a sáré kó kòkó wọlé, a sáré kó o síta,
títí ó fi hu irun funfun lórí ẹní bí arúgbó.
Owó ilé-ìwé mi kò tíì pé.
Ni mo bá bu èyí tó hu irun sí ìsàlẹ̀ àpò,
mo fi èyí tó gbẹ, tó ń dún ṣàkà-ṣàkà, bò ó lórí.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
Ọgbọ́n ni mo pè é.

Àpò ti gorí sìkéèlì nísọ̀ Akínṣùrójú,
ó ti kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ó ti ń tutọ́ sọ́wọ́ kawó,
kí Bàbá tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpò náà.
Ó dúró.
Ọwọ́ yẹn mọ kòkó bí ìyá ṣe ń mọ ara ọmọ tó gbóná.
Ó tú okùn. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé,
ó kúnlẹ̀, ó ń ṣà á.
Kò wò mí.
Èmi náà kúnlẹ̀.
Oòrùn ti kúrò lórí páànù kí a tó ṣe tán.
Akínṣùrójú ní, "Bàbá Oríyọmí, ẹ bá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.
Ta ló ń wo ìsàlẹ̀?"
Bàbá ní, "Èmi tí mo dì í."

Òun kọ́ ló dì í.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ kò sí lẹ́yìn ilé mọ́.
Rìsíìtì ilé-ìwé wà lábẹ́ fìtílà.
Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kan,
mo gbọ́ bàtà rọ́bà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Lónìí, fáìlì ń gba orí tábìlì mi kọjá ní Alágbàká.
Ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, á ti àpòòwé sábẹ́ ọ̀kan:
"Màdáàmù, ta ló máa wò ó?"
Ọwọ́ mi á lọ sí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀,
á máa wá èyí tí kò gbẹ.

Nígbà mìíràn, mo máa ń rò ó pé
ì bá sàn kí ó nà mí lọ́jọ́ náà.
Ojú ẹgba a máa jiná.
Orúnkún Bàbá nínú eruku ìsọ̀ yẹn,
mi ò tíì rí oògùn rẹ̀.