Kò Pé Mẹ́wàá

Lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́.
Lálẹ́, ó ń kú.
Ohun tí fíríìjì wa ń fojú wa rí nìyẹn láti ọjọ́ Àìkú,
níbi tí a gúnlẹ̀ ọkọ̀-ilé wa sí ní aṣálẹ̀ Arisónà,
láàárín àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tó nawọ́ sókè
bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó dúró.

Mo gbọ́ ọ láago méjì òru:
ṣá-ṣá-ṣá, ó fẹ́ ṣáná sí gáàsì,
ṣá-ṣá, ó sinmi,
ṣá, ó dákẹ́.
Iná pupa kan wá ń ṣẹ́jú lójú ilẹ̀kùn rẹ̀
bí ọmọ tó mọ ẹni tó fọ́ àwo tí kò fẹ́ sọ.

Wàrà ti kan. Ìyẹn ò dùn mí.
Ìgò ínsúlín Orrin mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà,
àwọn ni mo ń fọwọ́ kàn láràárọ̀
bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Delbert, aládùúgbò wa tó wá láti Montana,
wò ó títí, ó fa irùngbọ̀n,
ó ní, "Pátákó ọpọlọ rẹ̀ ló ti jóná.
Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là. Ẹ lọ ra òmíràn."
Ṣebí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ?

Ogójì ọdún ni Orrin fi tún wáyà ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin
kí àtọ̀gbẹ tó pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé.
Ó jókòó sórí àga kánfáàsì, ó tẹ́tí.
Èmi ni ojú, òun ni ọgbọ́n,
mítà kékeré kan wà láàárín wa bí ọmọ tí a jọ bí.

"Bátìrì ńkọ́?"
"Méjìlá ààbọ̀."
"Ọmọ náà yó kó tó kúrò nílé nìyẹn.
Lọ sẹ́yìn. Ibi tí wáyà ti wọ fíríìjì, kí ni mítà wí?"
Mo dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn,
èmi arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
"Mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Kò pé mẹ́wàá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn.
"Ebi ló ń pa á, Verna. Kò kú.
Lọ́sàn-án, sóólà ń bù lé e;
bí oòrùn bá wọ̀, àwo á fà sẹ́yìn.
Ẹnì kan ló ń bu òkèlè jẹ lójú ọ̀nà."

Fíúsì kọ́: ó mọ́ bí eyín ọmọdé.
Wáyà pupa kọ́: mo fọwọ́ tọ̀ ọ́ lábẹ́ ibùsùn, kò já
(mo rí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kan tó sọnù ní Nebraska).
"Kí ẹsẹ̀ pupa mítà má kúrò lẹ́yìn fíríìjì,
gbé ẹsẹ̀ dúdú lé orí bátìrì fúnra rẹ̀."
Mo ta wáyà gígùn kan gba ojú fèrèsé.
Méjìlá àti díẹ̀!
A jọ dákẹ́.
Oúnjẹ ń dé, nígbà náà. Ọ̀nà àbọ̀ ló bàjẹ́.

Iná kì í ṣe omi tí a dà nù tí a gbàgbé.
Òde kì í dùn ká má relé;
iná tí kò bá sì rọ́nà padà sílé
kì í fẹ́ jáde.

Lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí wáyà dúdú ti so mọ́ irin,
síkúrù kan ṣoṣo, kò ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ,
ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé ọrùn.
Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, Delbert!
Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi rántí àwọ̀ ara rẹ̀,
mo fún un pa, mo fi gíríìsì bò ó lára.

Oòrùn wọ̀ sẹ́yìn àwọn òkè Kalifóníà.
Ṣá.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Iná búlúù kan dìde, ó kéré, ó dúró.
Orrin ò rí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ihò afẹ́fẹ́
títí ooru fi kí i.
"Mélòó?"
"Méjìlá."
"Tún un wò."
Mo mọ̀ pé méjìlá ni.
Mo tún un wò.