Fàdákà Tí Kò Ra Iyọ̀

Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti la ètè wa ní Ìpotì,
mo máa ń bu eérú nídìí ààrò,
màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e,
màá fi fọ ojú Ajéwọlé.

Ojú Ajéwọlé kọ́ o.
Ojú ọba òyìnbó ni wọ́n tẹ̀ sára fàdákà náà,
imú ṣóńṣó, kò wo ẹnikẹ́ni.
Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà létí rẹ̀,
wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà,
wọ́n sì ṣì í kọ:
wọ́n yọ “wá” kúrò nídìí Fámúyíwá.
Iyì ló kù. Wíwá ti bọ́ sódò.

Wọ́n ní ó gbé ọ̀gá rẹ̀ la odò kọjá ní Bọ́mà, ìbọn ń rọ̀ bí òjò,
ó padà lọ gbé ẹnì kejì,
ó padà lọ gbé ẹnì kẹta.
Lẹ́tà náà kò dárúkọ odò.
Kò sọ ẹni tó yẹ kó gbé òun.

Tíṣà Àlàdé kà á lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ igi ìyeyè.
Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ń yí fàdákà náà síwá sẹ́yìn.
“Ṣé ṣílè ni?”
Wọ́n ní ó ju ṣílè lọ.
Ó so ó mọ́ etí aṣọ, ó fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Ìjerò.
Oníyọ̀ fi eyín dán an wò, ó dá a padà:
“Orí ọba wà níbẹ̀ lóòótọ́,
àmọ́ n ò rí ibi tí mo ti lè ná an.”

Àwọn àgbà ní kí a sin ín,
torí èékánná kò dé, irun kò dé,
kí kòtò má baà ṣófo.
Ó kọ̀ jálẹ̀.
“Fàdákà kì í jẹrà.
Ohun tí kò lè jẹrà, ẹ má pè é lọ́mọ mi.”
Òpó ẹnu ọ̀nà ló kàn án mọ́, ní gígùn apá ọkùnrin,
kí ẹni tó bá dé lóru
lè fọwọ́ bà á,
kó mọ̀ pé ulé nìyí.

Òun náà ti lọ. Òpó ti wó.
Lónìí rédíò ní wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní Àbújá
nítorí àwọn tó kú sójú ogun.
Mo jókòó ti abọ́ eérú mi, mo ń fi àtàǹpàkò ra á,
imú ọba ti ń tán lọ.
Bó pẹ́ bó yá, ojú náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ,
kò ní jẹ́ ti ọba kankan mọ́.

Ká máa fọ̀ ọ́ lọ.
Eérú ò wọ́n wa.