Ìwé Ìṣirò Ọtí

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé
fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóbì ní Ìperu.
Kọ́bọ̀ kan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí.
Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, wọ́n fún mi ní aago ògiri.
Aago náà ti kú.
Ikùn mi ló kù tó ń lọ síwájú.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, dókítà kan ní Ìlíṣàn
wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wọn ìbàdí mi, ó mí kanlẹ̀.
"Bàbá Ṣówándé, ṣúgà yín ń gòkè.
Ẹ fi ọtí sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ mọ iye rẹ̀."
Iye kẹ̀?
Wọ́n ní Ìjẹ̀bú ló mọ owó í ná,
Rẹ́mọ ló mọ̀ ọ́n kà.
Mo ra ìwé onílà pupa, mo fa ìlà sí i láàárín:
èyí tó wọlé lápá òsì,
èyí tó jáde lápá ọ̀tún.

Àṣé ìgò bíà ńlá kan,
tí mò ń dà sọ́fun bí ẹni pa iná,
fẹ́rẹ̀ẹ́ tó abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kan lórí ìwé!
Àṣé láti ọjọ́ pípẹ́
ni mo ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ mẹ́ta lóòjọ́,
tí ìyàwó mi ò sì sè ju ẹyọ kan lọ.

Adétutù ọmọ mi fi agolo tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn.
"Èyí fúyẹ́, Bàbá. Kálórì rẹ̀ ò pọ̀."
Mo wọ dígí, mo ka ẹ̀yìn agolo,
lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin iná orí.
Òótọ́ ni, ìdajì ni.
Ó dà lẹ́nu bí omi tí wọ́n fi ṣan ìgò bíà,
ṣùgbọ́n ó tutù, ó sì ń hó.
Nítorí pé ó fúyẹ́, mo mu mẹ́rin.
Ìdajì mẹ́rin, odindi méjì.
Ọmọ kíláàsì kejì mọ ìyẹn.

Ògúnnáìkè ní kí n padà sídìí ẹmu,
pé ohun tó ti ara igi wá kì í pani.
Ẹmu àárọ̀ dùn: ṣúgà ni.
Ẹmu alẹ́ kan: ó ti jẹ ṣúgà ara rẹ̀ tán,
orí mi ló kù tó fẹ́ jẹ.
Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.
Ògúnnáìkè ní ìwé mi ò ní jẹ́ kí n rọ́rẹ̀ẹ́ bá mu.

Ní báyìí, mo ń rìn ní ìrọ̀lẹ́,
bàtà kánfáásì lẹ́sẹ̀, dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Òde.
Wọn ò rí àgbà Rẹ́mọ kó máa yára báyẹn lásán.
"Bàbá, ta ló jẹ yín lówó?"
"Èmi ni mo jẹ gbèsè.
Agolo àná ni mò ń san."

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ṣí ìwé kí n ropọ̀.
Mo bá ìkọ̀wé tí kì í ṣe tèmi,
báírò dúdú, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
*Ìgbín aláta, mẹ́ta. Ẹ gbàgbé.*
*Mósà, mẹ́fà. Ẹ gbàgbé.*
*Ẹran díndín inú ìkòkò. Mo kà á kí n tó sùn.*

Ọdún mọ́kànlélógún, kò sí ayẹ̀wéwò tó mú mi.
Ìyàwó mi jókòó sí fàráńdà, ó ń ṣa ẹ̀wà,
kò gbójú sókè.
Mo ṣí agolo kan, mo pín in sí ife méjì.
Kì í mutí. Ó gbà á. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro,
"Èyí náà lẹ ń tìtorí ẹ̀ ra ìwé?"
ó sì mu ún tán.

Ropọ̀ ọjọ́ náà ò dọ́gba.
Ohun kan lé, mi ò mọ ibi tó ti wá.
Mo pa ìwé dé bẹ́ẹ̀, mo wá bàtà mi lọ.